Ṣúgà àti Ọ̀rá: Ohun Tí Ìfun Ń Ṣe Lára Alátọ̀gbẹ

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí jẹ mọ́ ògiri kan báyìí. Ògiri ìfun wa ni. Aláǹgbá tí ó sì ń gba ibẹ̀ wọlé ni irú ọ̀rá kan tí àwọn dókítà ń pè ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ó kan ẹni tí ó ní àrùn àtọ̀gbẹ, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, ju ẹlòmíràn lọ.

Ẹni tí ó bá ní àtọ̀gbẹ a máa sá fún ṣúgà bí ẹni ń sá fún ejò. A mu tíì láìfi ṣúgà sí i, a bu ẹ̀bà kékeré, a sì yẹra fún ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Èyí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń pa àwọn alátọ̀gbẹ jù lọ ní gbogbo ayé kì í ṣe ṣúgà gan-an. Àrùn ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Àwọn méjèèjì sì ń wá nítorí pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ti há tàbí pé ó ti dí. Ọ̀rá wà lára ohun tí ó ń dí i. Nítorí náà, alátọ̀gbẹ tí ó ń ṣọ́ ṣúgà tí kò ṣọ́ ọ̀rá, ẹnu ọ̀nà iwájú nìkan ni ó tì, ó ṣí tẹ̀yìn sílẹ̀ fún olè.

Ìyá kan tí ó ń ta aṣọ lọ́jà bi mí ní ìbéèrè kan ní àìpẹ́ yìí. Ó ní, “Tísà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣúgà ni wọ́n bá lára mi. Kí ló wá dé tí dókítà fi ń fún mi ní oògùn ọ̀rá? N kò jẹ ẹyin mọ́, n kò sì fẹnu kan ẹran ewúrẹ́ láti ọjọ́ Àjíǹde. Mo ti kó oògùn yẹn sínú àpótí.”

Mo ní, “Ìyá mi, ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rá náà ti ń wá ná, kí á tó mọ̀ bóyá ẹyin tí ẹ fi sílẹ̀ tó.”

Ìbéèrè ìyá yìí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń bi ara wọn bẹ́ẹ̀ láìsọ ọ́ jáde, tí wọ́n sì ń dá oògùn dúró ní kọ̀rọ̀. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ la ọ̀rọ̀ náà yékéyéké lórí ìwé yìí.

KÍ NI KỌLẸ́SÍTẸ́RỌ́Ọ̀LÙ?

Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù jẹ́ ohun kan tí ó rọ̀, tí ó sì ń yọ̀ bí ìda oyin. Kì í ṣe ọ̀tá wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ara ń lò ó láti fi mọ ògiri àwọn yàrá kéékèèké tí ẹran ara wa pín sí. Ara ń fi ṣe òróòro, èyí tí ń bá wa lọ ọ̀rá inú oúnjẹ. Ara sì tún ń fi ṣe àwọn èròjà tí ń sọ ọmọdékùnrin di géńdé, tí ń sọ ọmọdébìnrin di ọlọ́mọge. Ẹni tí kò bá ní i rárá kò lè wà láàyè. Àpọ̀jù rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń di wàhálà, nítorí pé a máa lẹ̀ mọ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìdọ̀tí ṣe ń dì mọ́ inú páìpù omi, títí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ yóò fi há.

Ọ̀nà méjì ni ó ń gbà dé inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò yóò tètè mọ̀ ọ́n, nítorí pé ó rí bí ọjà tí ń wọ ìlú. Àwọn ọjà kan wà tí a ń ṣe nínú ìlú fúnra rẹ̀. Àwọn mìíràn sì ń gba ẹnubodè wọlé. Ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù ni ẹ̀dọ̀. Ẹnubodè náà ni ìfun kékeré.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé oúnjẹ nìkan ni ó ń kó kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù dé ẹnubodè yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ òòjọ́ ẹni tí ń jẹ ẹran àti ẹyin lè kó bíi mílígíráàmù 300 wá. Ẹyin ńlá kan ṣoṣo ní nǹkan bíi 200 nínú. Ṣùgbọ́n òróòro tí ẹ̀dọ̀ ń tú sínú ìfun ń gbé bíi mílígíráàmù 1,000 wá lójúmọ́. Ẹ ò rí i pé ohun tí ń ti inú ara wa fúnra rẹ̀ wá sí ìfun ju èyí tí a fi ẹnu jẹ lọ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta! Nínú gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, ìfun ń fa nǹkan bí ìdajì padà sínú ara, ìyókù a sì bá ìgbẹ́ lọ. Ẹlòmíràn wà tí ìfun rẹ̀ ń fà ju ìdajì lọ dáadáa. Ẹlòmíràn sì wà tí ìfun rẹ̀ kì í fà tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a rí kọ́ níbí ni pé ẹni tí kò jẹ ẹyin fún ọdún kan gbáko, ìfun rẹ̀ ṣì ń fa kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù lójoojúmọ́, nítorí pé ẹ̀dọ̀ kò yéé tú u sílẹ̀.

ÀWỌN ONÍBODÈ INÚ ÌFUN

Láyé àtijọ́, kò sí ẹrù tí ń wọ ìlú láìkọjá lọ́wọ́ oníbodè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìfun wa rí. Ní ọdún 2004 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Amẹ́ríkà kéde oníbodè tí ń gba kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wọlé. NPC1L1 ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Níbi tí oníbodè yìí kò bá sí, díẹ̀ kíún ni kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí ń ráyè wọlé.

Àwọn méjì mìíràn tún wà tí iṣẹ́ tiwọn yàtọ̀. Wọ́n ń mú èyí tí ó ti wọlé, wọ́n sì ń tì í padà síta. ABCG5 àti ABCG8 ni orúkọ wọn. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n ń dì mú ṣiṣẹ́, nítorí pé ọ̀kan kò lè dá a ṣe. Ní ọdún 2000 ni a rí wọn, nípasẹ̀ àwọn ìdílé díẹ̀ tí a bí pẹ̀lú àìsàn kan tí kì í jẹ́ kí ọ̀rá inú ewéko jáde lára wọn. Lára àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn, àwọn oníbodè méjì tí ó yẹ kí ó máa lé àlejò padà ni kò lè ṣiṣẹ́.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí á mọ̀. Ẹ̀dọ̀ àti ìfun mọ ìṣe ara wọn. Bí ohun tí ń ti ìfun wọlé bá dín kù, ẹ̀dọ̀ a fi kún èyí tí ó ń ṣe. Bí ẹ̀dọ̀ bá dín iṣẹ́ kù, ìfun a máa fà sí i. Wọ́n dà bí ọmọ méjì tí ó jókòó sí orígun igi kan tí a gbé dábùú: bí ọ̀kan bá lọ sílẹ̀, èkejì a gòkè. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé lórí rẹ̀ ni gbogbo ohun tí ó kù dúró lé.

BÍ A ṢE Ń MỌ OHUN TÍ ÌFUN Ń FÀ

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi yóò fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe lè wo inú ìfun ẹni tí ó wà láàyè kí ó sì mọ iye ọ̀rá tí ń gba ibẹ̀ kọjá. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i dùn ún gbọ́. Nínú ẹ̀wà, ẹ̀pà, àgbàdo àti òróró, ọ̀rá kan wà tí ó jọ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù bí ìbejì. Ara ènìyàn kò lè ṣe ọ̀rá ewéko yìí rárá. Bí a bá rí i nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan, a mọ̀ dájú pé ẹnubodè ni ó gbà wọlé. Ẹni tí ó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìfun rẹ̀ ń fà púpọ̀ nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni ohun kan wà tí ẹ̀dọ̀ ń pò kí ó tó di kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Bí èyí bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ilé-iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan. Ó dà bí ẹni tí ó ń ka ìyẹ̀fun tí a pò sílẹ̀ ní ilé búrẹ́dì, kí ó lè mọ iye búrẹ́dì tí yóò jáde láàárọ̀.

Àwọn tí ó lo ọgbọ́n yìí jù ni àwọn onímọ̀ ìlú Helsinki ní ilẹ̀ Finland, lára wọn ni Tatu Miettinen àti Helena Gylling. Kì í ṣe ojú lásán ni wọ́n fi ń ṣe é nílẹ̀ wọn. Ilẹ̀ Finland wà lára ibi tí àrùn ọkàn ti ń pa àwọn ọkùnrin jù ní ayé ní nǹkan bí ọdún 1970, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dá iṣẹ́ ńlá kan sílẹ̀ ní agbègbè North Karelia ní ọdún 1972 láti yí oúnjẹ àti ìṣe àwọn ènìyàn padà. Ẹni tí iná bá jó lẹ́sẹ̀ ni ó ń mọ ibi tí ẹyín wà.

IRÚ KÌÍNÍ ÀTI IRÚ KEJÌ KÒ RÍ BÁKAN NÁÀ

Irú àtọ̀gbẹ méjì ni ó wọ́pọ̀ jù. Nínú irú kìíní, ara kò lè ṣe ínsúlínì mọ́. Ínsúlínì ni èròjà tí ń ṣí ilẹ̀kùn ara fún ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Èwe àti ọ̀dọ́ ni irú yìí sábà máa ń mú, wọn a sì máa gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì títí ayé wọn. Nínú irú kejì, ínsúlínì wà, ṣùgbọ́n ara kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Irú kejì yìí ni ó pọ̀ jù láàárín àgbàlagbà, ó sì sábà máa ń bá ẹni tí ó sanra rìn.

Nígbà tí àwọn ará Helsinki wọn ọ̀rọ̀ náà, wọ́n rí i pé ìfun àti ẹ̀dọ̀ àwọn méjèèjì kò hùwà bákan náà. Lára àwọn tí ó ní irú kejì, pàápàá àwọn tí ó sanra, ẹ̀dọ̀ ń ṣe kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù púpọ̀, ìfun sì ń fa ìpín díẹ̀ nínú ohun tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lára àwọn tí ó ní irú kìíní, òdìkejì ni: ẹ̀dọ̀ ń ṣe díẹ̀, ìfun sì ń fà púpọ̀. Àrùn tí ń jẹ́ orúkọ kan náà, tí ṣúgà inú rẹ̀ jọra, ni ọ̀nà ọ̀rá rẹ̀ yàtọ̀ báyìí.

Ohun tí ó tún ṣe wọ́n ní kàyéfì ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn alátọ̀gbẹ irú kejì tí ó sanra fọn, tí ṣúgà wọn sì wálẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ dín kù, èyí tí ó dára. Ṣùgbọ́n ìpín tí ìfun ń fà gòkè. Igi tí a gbé dábùú náà tún yí padà nìyẹn. Ara ń padà sí bí ó ti yẹ kí ó rí ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé nítorí èyí òun kò ní fọn mọ́ o! Àǹfààní fífọn pọ̀ kọjá èyí. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé bí ṣúgà bá ti wálẹ̀ tán, ẹnubodè kò tì fúnra rẹ̀.

NÍGBÀ TÍ ṢÚGÀ BÁ GA JÙ

Ní ọdún 2006, àwọn oníṣègùn ìlú Dublin, ní ilẹ̀ Ireland, mú ẹran bíńtín láti inú ìfun àwọn alátọ̀gbẹ irú kejì, wọ́n sì fi í wé ti àwọn tí kò ní àrùn náà. Wọ́n rí i pé àṣẹ tí ara ń pa láti ṣe oníbodè tí ń gba ọ̀rá wọlé pọ̀ sí i lára alátọ̀gbẹ, àṣẹ láti ṣe àwọn tí ń tì í síta sì dín kù. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ní Kánádà ròyìn pé nígbà tí àwọn rẹ ẹran ìfun tí a sìn nínú ìgò sínú omi tí ṣúgà rẹ̀ ga, ó fa kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹnìkan lè ní, “Tísà, ẹ ti sọ pé ìfun irú kejì ń fà díẹ̀, ẹ tún wá ń sọ pé ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ sí i. Èwo ni ká gbà gbọ́?” Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ẹ rò ó báyìí: iye oníbodè jẹ́ ọ̀tọ̀, iye ẹrù tí ó dé ẹnubodè jẹ́ ọ̀tọ̀. Àwọn kan ka àṣẹ tí a fi ń yan oníbodè. Àwọn kan wọn ìpín ẹrù tí ó kọjá. Bí ẹ̀dọ̀ ẹni tí ó sanra bá ń tú ẹrù rẹpẹtẹ sínú ìfun, ìpín tí ó wọlé lè kéré lójú ìwọ̀n, kí iye tí ó wọlé gan-an má sì kéré. Ẹni tí ó gba ìdá mẹ́ta nínú àpò ìrẹsì mẹ́sàn-án kò gbà ju ẹni tí ó gba ìdajì nínú àpò mẹ́fà lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sì gbà dín: mẹ́ta-mẹ́ta ni àwọn méjèèjì gbé lọ sílé.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ṣúgà tí a kò ṣọ́ fi ń ba ọ̀rá jẹ́, èyí tí kò sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, ìfun a máa di ọ̀rá sínú ẹrù kéékèèké, a sì rán wọn sínú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlínì ni ọ̀gá tí ń sọ fún ìfun àti ẹ̀dọ̀ pé, “Ó tó, ẹ rọra rán an.” Òun náà ni ó sì ń ran ara lọ́wọ́ láti tú ẹrù náà kí ó sì kó o kúrò lójú ọ̀nà. Bí ínsúlínì kò bá sí, tàbí bí ara kò bá gbọ́ tirẹ̀, ẹrù a máa jáde ṣáá, a sì pẹ́ lójú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí ọ̀rá tí ilé àyẹ̀wò ń pè ní triglyceride fi sábà máa ń ga lára ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ga, tí ó sì máa ń wálẹ̀ nígbà tí a bá kápá ṣúgà náà. Ire kan nìyí tí ẹni tí ń ṣọ́ ṣúgà ń rí gbà lọ́dọ̀ ọ̀rá.

ṢÉ KÍ ṢÚGÀ WÁLẸ̀ NÌKAN TÓ?

Ó ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ kí á wo ẹ̀rí.

Láti ọdún 1977 ni àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn ènìyàn 5,102 tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bá àtọ̀gbẹ irú kejì lára wọn. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde jáde ní ọdún 1998, wọ́n rí i pé àwọn tí a kápá ṣúgà wọn dáadáa bọ́ lọ́wọ́ ìbàjẹ́ ojú, kíndìnrín àti àwọn iṣan kéékèèké. Ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀ dín ní ìdá mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ní ti ọkàn, ìyàtọ̀ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà náà. Ó di ọdún 2008, lẹ́yìn tí wọ́n tún ṣọ́ wọn fún ọdún mẹ́wàá sí i, kí ó tó hàn gbangba pé ọkàn náà jèrè. Èrè ṣúgà wà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó dé ọkàn.

Ẹ fi èyí wé ti oògùn ọ̀rá. Ní ọdún 2004, a gbé àbájáde iṣẹ́ mìíràn jáde láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, lórí àwọn alátọ̀gbẹ 2,838 tí ọ̀rá wọn kò tilẹ̀ ga púpọ̀. Àwọn tí ó ń lo oògùn atorvastatin mílígíráàmù 10 lójúmọ́ ní àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ní ìwọ̀n 37 nínú 100 dín sí àwọn tí kò lò ó. Kò tó ọdún márùn-ún tí èyí fi hàn; kódà wọ́n tètè dá ìdánwò náà dúró nítorí pé èrè rẹ̀ ti hàn.

Irú oògùn yìí, tí à ń pè ní statin, ẹ̀dọ̀ ni ó ń dí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí igi tí a gbé dábùú: bí ẹ̀dọ̀ bá dín iṣẹ́ kù, ìfun a máa fà sí i. Nítorí náà ni wọ́n ṣe wá oògùn kejì, ezetimibe, tí a ti ń lò láti ọdún 2002. Òun ni ó ń ti oníbodè NPC1L1 náà mọ́lé. Òun nìkan a máa dín ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀ kù ní nǹkan bí ìdá márùn-ún.

Ní ọdún 2015, a gbọ́ àbájáde ìdánwò kan tí a fi àwọn ènìyàn 18,144 tí ọkàn ti dá lóró ṣe. Apá kan ń lo statin nìkan. Apá kejì ń lo méjèèjì pọ̀. Ní ọdún méje, ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú tí ó bá apá kìíní jẹ́ 34.7 nínú 100, ti apá kejì sì jẹ́ 32.7. Ìyàtọ̀ náà kéré. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ya àwọn alátọ̀gbẹ inú wọn sọ́tọ̀, ìyàtọ̀ náà fẹ̀: 45.5 fún àwọn tí ń lo ọ̀kan, 40.0 fún àwọn tí ń lo méjì. Nínú ọgọ́rùn-ún alátọ̀gbẹ, bí ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà ni ó bọ́ nítorí pé a ti ẹnubodè. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢE

Èkíní, má ṣe dá oògùn ọ̀rá dúró nítorí pé o kò jẹ ẹyin mọ́. O ti mọ̀ nísinsìnyí pé ẹ̀dọ̀ rẹ kò dá iṣẹ́ dúró. Bí oògùn bá ń fa ìrora iṣan tàbí ohun mìíràn tí kò yé ọ, padà lọ bá dókítà, yóò dín in kù tàbí kí ó fún ọ ní òmíràn. Obìnrin tí ó lóyún, tàbí tí ó ń fẹ́ lóyún, gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí ó tó lo irú oògùn yìí. Bákan náà, má ṣe yá oògùn aládùúgbò lò. Irú kìíní àti irú kejì kò rí bákan náà, bẹ́ẹ̀ ni ara lágbájá kì í ṣe ara tìrẹ.

Èkejì, béèrè àyẹ̀wò méjì ní ọsibítù. Ọ̀kan ni àyẹ̀wò ṣúgà tí ń sọ bí ó ti rí fún bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n ń kọ ọ́ ní HbA1c. Fún ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ, bíi 7 nínú 100 tàbí kí ó dín ni à ń lépa. Èkejì ni àyẹ̀wò ọ̀rá. Wo ibi tí wọ́n kọ LDL sí, èyí ni ọ̀rá burúkú náà. Fún ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ, a fẹ́ kí ó dín sí 1.8, àwọn tí ewu tiwọn pọ̀ jù a sì fẹ́ kí ó dín sí 1.4. Kọ ọ́ sínú ìwé bí o ti ń kọ gbèsè oníbàárà, kí o lè mọ̀ bóyá ó ń lọ sókè tàbí sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ran ìfun lọ́wọ́ nípa oúnjẹ. Ẹ̀wà, ilá, ẹ̀fọ́ àti èso tí a kò fún lómi ní ohun kan nínú tí ń di òróòro mú nínú ìfun, tí ó sì ń fà á jáde pẹ̀lú ìgbẹ́. Ẹ̀dọ̀ a wá fa kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ láti fi ṣe òróòro tuntun. Ohun kan náà ni kì í jẹ́ kí ṣúgà sáré wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ ò rí i pé àwo ẹ̀wà kan ń ṣe iṣẹ́ méjì! Ọ̀rá ewéko tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà a máa bá kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù du àyè lẹ́nu ọ̀nà. Èyí ni àwọn ará Finland fi sínú bọ́tà ewéko kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọdún 1995.

Ẹ̀kẹrin, mọ ọ̀rá tí o ń jẹ. Ẹ̀dọ̀ ẹran, kíndìnrín àti ọpọlọ ẹran ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù púpọ̀. Epo pupa kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rárá, nítorí pé ara igi ni ó ti wá. Ṣùgbọ́n bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ irú ọ̀rá líle tí ń mú kí LDL gòkè. Nítorí náà, kí á máa fi ṣíbí wọ̀n ọ́n sínú ọbẹ̀, kí á má ṣe dà á bí omi. Òróró tí a ti fi dín àkàrà lọ́pọ̀ ìgbà kò yẹ ní jíjẹ.

Ẹ̀karùn-ún, máa rìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó sí ìsọ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́, àti àwa tí a ń jókòó máàkì ìwé, ara wa kì í gbọ́ràn sí ínsúlínì bí ti ẹni tí ń lo ẹsẹ̀. Ààbọ̀ wákàtí lójúmọ́ ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń mu sìgá, kí ó fi í sílẹ̀. Àti ṣúgà, àti ọ̀rá, àti èéfín, iṣan kan náà ni gbogbo wọn ń bá jà. Kí a sì máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹfà, ṣọ́ra fún ẹni tí ó bá ní òun ní àgbo tí ń “fọ ọ̀rá àti ṣúgà kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.” Ẹ ti rí i pé ẹ̀dọ̀ àti ìfun ń dọ́gbọ́n sí ara wọn ní gbogbo ìgbà. Kò sí ìfọ̀ ẹ̀ẹ̀kan tí ó lè kápá ohun tí ara ń ṣe lójoojúmọ́. Ìtọ́jú ojoojúmọ́ ni ó lè bá a dọ́gba.

Ẹ̀yin ará, kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kì í pariwo nígbà tí ó bá ń dí. Kì í dunni, kì í sì í wú. Ọjọ́ tí ó bá dí tán ni ẹnu ń wọ́, tí ọwọ́ ń rọ, tí ìsọ̀ ń tì, tí àwọn ọmọ sì ń kúrò ní ilé-ìwé nítorí pé ẹni tí ń san owó wọn ti wó lulẹ̀. Òògùn kékeré tí a gbé pamọ́ sínú àpótí kò lè ṣe ohunkóhun fún wa ní ọjọ́ náà.

Nítorí náà, alátọ̀gbẹ, ṣọ́ ṣúgà rẹ, nítorí ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ rẹ. Ṣọ́ ọ̀rá rẹ pẹ̀lú, nítorí ọkàn àti ọpọlọ rẹ. Ọba òkè kò ní jẹ́ kí á rí ogun àìsàn o.